Ọmọdé Ò Mọ Oògùn, Àgbà Náà Ò Mọ Ẹ̀fọ́

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọdé ò mọ oògùn, ó ń pè é lẹ́fọ̀ọ́. Kò mọ̀ pé ikú tó pa baba òun ni. Ẹ̀rín la máa ń fi òwe yìí rín ọmọ náà. Ó dé ìdí ewé, ó rí i pé ewé náà tutù, ó jọ èyí tí ìyá rẹ̀ ń já sínú agbọ̀n fún ọbẹ̀ alẹ́, ó sì fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹ̀fọ́ ni. Àgbà tó mọ ìtàn ewé náà mirí, ó ní, "Ọmọdé ṣá!" Láti ọjọ́ náà ni ẹjọ́ ti dá ọmọ yìí lẹ́bi. Ẹnikẹ́ni tó bá ń sọ̀rọ̀ ohun tí kò mọ̀ bí ẹni tó mọ̀ ọ́n, òwe yìí la ó sọ lókò lù ú.

Mo fẹ́ ṣe agbẹjọ́rò ọmọ náà lónìí. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ti ṣe kí àgbà tó fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó kúrò nínú ilé. Ó rìn dé ibi tí ewé wà. Ó lóṣòó tì í, ó tẹjú mọ́ ọn, ó fi ohun tó mọ̀ díwọ̀n ohun tí kò mọ̀, ó sì fún un lórúkọ. Bí ẹni tó gboyè ọ̀mọ̀wé bá ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀, owó ìwádìí la ó kó fún un, a ó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀. Ibi tí ọmọ náà ti ṣìnà kò ju ẹyọ kan lọ, ìyẹn sì ní àtúnṣe: kí ẹnì kan wà nítòsí tí yóò ní, "Rárá o, èyí kì í ṣe ẹ̀fọ́. Yí i wò lẹ́yìn. Já a, gbóòórùn rẹ̀. Má fi kan ẹnu." Baba tí ì bá sọ bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́; ewé náà ló pa á. Bí a bá wá ń wá ẹni tí kò mọ oògùn nínú ìtàn yìí, ṣé ọmọ la ó kọ́kọ́ mú ni, àbí baba tó fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dán an wò?

Ti àtijọ́ nìyẹn. Ọmọ ìwòyí ti bọ́ lọ́wọ́ òwe yìí pátápátá. Kì í pe oògùn lẹ́fọ̀ọ́, nítorí kò sí ibi tí òun àti oògùn ti fẹ́ pàdé, ẹ̀fọ́ pàápàá kò sì mọ̀ ọ́n lójú. Ẹ̀fọ́ tirẹ̀, inú ọ̀rá ló ń gbé nínú fìríìjì. Wọ́n ti rẹ́ ẹ, wọ́n ti bọ̀ ọ́, kò ní gbòǹgbò, kò ní òdòdó, kò ní kòkòrò. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ àárọ̀ Mọ́ńdè, ọmọ ọdún márùn-ún náwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì láti ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Dádì, kí nìyẹn?"

"Koríko ni."

"Èyí tó ní òdòdó kéékèèké yẹn ńkọ́?"

"Koríko náà ni."

"Èyí tí ewúrẹ́ ń jẹ yẹn?"

"Mo ní kí o jókòó dáadáa. Ó yá, gba fóònù."

Bí ẹ̀kọ́ nípa ewéko ṣe parí nìyẹn, kí wọ́n tó dé iléèwé tí Dádì ti ń sanwó gọbọi kí wọ́n lè kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìbéèrè. Tẹ̀tẹ̀ ni ọ̀kan nínú ohun tó pè ní koríko. Imí eṣú ni èkejì, èyí tí àwọn ìyá wa máa ń fún omi rẹ̀ sójú egbò. Ewúrẹ́ tó wà nídìí ẹ̀kẹta mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí méjèèjì. Nínú gbogbo ẹni tó wà ní títì láàárọ̀ ọjọ́ náà, ewúrẹ́ yẹn nìkan ni mo lè pè ní ọ̀jọ̀gbọ́n.

Èmi kò bá Dádì jà. Níbo ló ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹ wo ilé tó kọ́. Lọ́jọ́ tó ra ilẹ̀ náà, igi àgbálùmọ̀ kan wà níbẹ̀. Ó ní ewé rẹ̀ ti ń já sílẹ̀ jù, ó pe àwọn oníṣẹ́, wọ́n gé e lulẹ̀. Ìyókù ilẹ̀ náà, ó fi interlock tẹ́ ẹ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ó ní nítorí ejò ni. Ejò kò wá, òjò ló wá. Nígbà tí omi kò ríbi rin sílẹ̀ mọ́, ó gba ẹnu ọ̀nà pálọ̀ wọlé bí ẹbí ìyàwó. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Mọ́mì ní iwájú ilé náà ti gbẹ jù, kò fani mọ́ra, ni wọ́n bá ra koríko ọlọ́rà, wọ́n tẹ́ ẹ lórí interlock. Koríko yìí kì í hù, kì í kú. Tata kì í fò lórí rẹ̀, ekòló kò mọ̀ ọ́n. Bí oòrùn bá mú un, kò ṣeé fẹsẹ̀ lásán tẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ló ń fi ìgbálẹ̀ gbọn eruku orí rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ilé rọ́bà aláwọ̀ mèremère sí, tí wọ́n wá ní kí ọmọ máa lọ ṣeré níta.

Níta wo?

Èyí tó dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ kọnkéré yìí ni ti kúlúsọ. Ẹni tó bá gbé ilé tó ní iyẹ̀pẹ̀ rí á mọ̀ ọ́n. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, níbi tí òrùlé kì í jẹ́ kí òjò dé, tí iyẹ̀pẹ̀ ti gbẹ tó sì kúnná, ẹ ó rí àwọn kòtò kéékèèké, ẹnu wọn fẹ̀, ìdí wọn tín-ín-rín. Kúlúsọ ló wà nísàlẹ̀, ó fi iyẹ̀pẹ̀ bora, ó la ẹnu sílẹ̀. Eèrà tó ń lọ jẹ́jẹ́ rẹ̀ á ṣi ẹsẹ̀ gbé létí kòtò. Bó bá ti ń gbìyànjú láti gùn padà, bẹ́ẹ̀ ni iyẹ̀pẹ̀ á máa ya lábẹ́ rẹ̀, kúlúsọ náà á sì máa fi orí ju iyẹ̀pẹ̀ lù ú láti ìsàlẹ̀, títí yóò fi yí bọ́ sí i lẹ́nu. Á fa omi ara rẹ̀ mu, á gbé èèpo rẹ̀ jù síta, á tún kòtò ṣe, á tún padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá bù ú pọ̀ mọ́ iyẹ̀pẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ̀yìn ni yóò máa rìn sí. Ẹ̀yìn náà ló fi ń gbẹ́lẹ̀, á máa yí po, á máa yí po, títí kòtò á fi jinlẹ̀ tó bó ṣe fẹ́.

Ohun tí ọmọdé á fẹ́ gbọ́ jù, tí Àǹtí kò ní fẹ́ sọ ní kíláàsì, tún kù: ní gbogbo ìgbà tí kúlúsọ fi wà nínú iyẹ̀pẹ̀, kì í yàgbẹ́. Kò sí ihò tí yóò gbà yà á. Inú ara rẹ̀ ló ń tọ́jú rẹ̀ sí di ọjọ́ tí yóò paradà. Ó lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kòtò yẹn, lẹ́yìn náà á fi òwú ara rẹ̀ àti iyẹ̀pẹ̀ hun ilé róbótó kan, á ti ara rẹ̀ mọ́ inú rẹ̀, nígbà tó bá máa jáde, á ti di oníyẹ̀ẹ́ mẹ́rin tó jọ lámilámi. Ọmọ tó bá fi àárọ̀ kan ṣoṣo lóṣòó tì í ti rí bí wọ́n ṣe ń dọdẹ, ó ti rí bí iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ ṣe ń ya bí etí kòtò bá ti dúró ṣánṣán jù, ó sì ti kọ́ sùúrù, èyí tí kò sí iléèwé tó ń tà á. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Àwa wá da sìmẹ́ǹtì lé e lórí, a sì lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ ra kòkòrò onírọ́bà tó ń lo bátìrì, tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ pé ó ń jẹ́ kí ọpọlọ ọmọ jí pépé.

Ẹ má sọ pé àwọn iléèwé kò gbìyànjú o. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lẹ́tà á dé: àwọn ọmọ fẹ́ lọ bá ìṣẹ̀dá pàdé. Owó rẹ̀ lè ra ewúrẹ́. Ẹ̀wù ọrùn róbótó tí wọ́n kọ orúkọ iléèwé sí, ó ní owó tirẹ̀. Òbí á buwọ́ lùwé pé bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, kò kan iléèwé. Nínú ohun tí ọmọ gbọ́dọ̀ mú dání ni omi inú ike, omi ìfọwọ́ apakòkòrò, fìlà, bàtà tó bo ẹsẹ̀ pátá, àti ìbọ̀sẹ̀ funfun. Ìbọ̀sẹ̀ funfun, sínú igbó! Bí ó bá jẹ́ pé irú iléèwé yìí ni ọdẹ Àkàrà-oògùn lọ, Fágúnwà ì bá má rí ìwé kọ ní 1938. Kí ọdẹ náà tó wọ Igbó Irúnmalẹ̀, alágbàtọ́ rẹ̀ á ti buwọ́ lùwé, Àǹtí á ti ka orí gbogbo ọdẹ ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, àwọn iwin á ti tò sẹ́yìn okùn, ago méjì ọ̀sán ni bọ́ọ̀sì yóò sì gbéra.

Ibi tí wọ́n sábà máa ń kó wọn lọ l'Ékòó ni ọgbà tí àjọ Nigerian Conservation Foundation, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1980, ṣe sí Lekki ní 1990. Ibi tó dára ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́. Igbó àti àbàtà ni, hẹ́kítà 78, láàárín àdúgbò tó ń fi ilé kún ilé lójoojúmọ́. Láti 2015 ni afárá kan ti wà níbẹ̀ tó gba orí igi kọjá, mítà 401 ló gùn. Ẹni tó bá rìn ín á mọ̀ pé ẹyẹ kò rí igbó bí àwa ṣe ń rí i. Kì í ṣe ọgbà ni mò ń bá wí, àwa tí à ń mú ọmọ lọ ni. Àwọn ọmọ tò gbọọrọ. "Ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ má dúró. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ta ló ń béèrè ìbéèrè lẹ́yìn yẹn?" Wọ́n ya fọ́tò níwájú pátákó, wọ́n ya òmíràn lórí afárá, wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn òbí kí bọ́ọ̀sì tó kúrò, àwọn òbí sì da ọwọ́ àdúrà àti ọkàn pupa bo ojú ìwé. Ọ̀bọ kan wà lórí ẹ̀ka tó ń fara balẹ̀ wo gbogbo èyí. Òun nìkan ló wá wo nǹkan lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe àwa nìkan la wà nínú rẹ̀. Ní 2002, Andrew Balmford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Cambridge gbé àwòrán síwájú àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹranko, kòkòrò àti ewéko tó wà ládùúgbò wọn ni apá kan. Àwọn ẹ̀dá Pokémon inú eré ọmọdé ni apá kejì. Ọmọ ọdún mẹ́jọ dá nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn Pokémon mọ̀. Ti àwọn ẹ̀dá gidi, díẹ̀ báyìí ló fi lé ní ìdajì. Ẹni tó bá ní ọpọlọ ọmọ ìsinsìnyí ti kú, kó tún èsì yẹn kà. Ọmọ tó lè kó orúkọ ohun tí kò sí láyé sórí tó bẹ́ẹ̀, kí ló lè dá a dúró lórí ohun tó wà? Ní Ìbàdàn níhìn-ín, mo mọ àwọn ọmọ tí wọ́n lè ka agbábọ́ọ̀lù méjìlélógún ilẹ̀ òkèèrè pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀yìn aṣọ wọn. Ohun tí a bá gbé síwájú wọn ni wọ́n ń mọ̀.

Èyí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gà. Ẹ̀gà kò ní ìtìjú. Àárín ìlú, lórí ọ̀pẹ ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí, lórí ọ̀pẹ ọgbà iléèwé, ibikíbi tí wọ́n bá ti rí imọ̀ ya ni wọ́n ń pàgọ́ sí. Ariwo wọn là ń gbọ́ tí a fi ń sọ pé ẹnì kan ń ké bí ẹ̀gà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbójú sókè á rí i pé iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Akọ ló ń kọ́lé. Á fi ẹnu ya imọ̀ ọ̀pẹ sí tín-ín-rín, á fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí rẹ̀ mọ́ ẹ̀ka, á fi ẹnu tì í bọ inú, á fà á jáde lódì kejì, á ta á ní kókó. Ilé náà á rọ̀ sórí afẹ́fẹ́, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Nígbà tó bá parí, akọ á so rọ̀ sẹ́nu ọ̀nà, á máa ju apá, á máa pe abo kó wá wò ó. Abo á wọlé, á fa ibí, á fa ọ̀hún. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, á bá tirẹ̀ lọ. Ilé tí abo kankan kò gbà títí tí imọ̀ rẹ̀ fi gbẹ, akọ náà fúnra rẹ̀ ni yóò tú u palẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn níbẹ̀. Mo mọ àwọn onílé kan tí mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ èyí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nicholas àti Elsie Collias, tọkọtaya onímọ̀ nípa ẹyẹ ní Amẹ́ríkà, sin irú ẹ̀gà wa yìí, wọ́n sì tẹ ohun tí wọ́n rí jáde ní 1964. Ọmọ ẹ̀gà kò gbọ́n láti inú ẹyin wá. Àwọn akọ kéékèèké á máa fi koríko ṣeré, wọ́n á so ó, á tú, wọ́n á hun ohun kan tó rí jágbajàgba tí kò ṣeé gbé, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wá yọ àwọn kan sọ́tọ̀, wọn kò fún wọn ní koríko kankan nígbà èwe. Oúnjẹ wà, omi wà, àgò wọn mọ́ tónítóní. Nígbà tí àwọn yìí wá dàgbà, tí wọ́n wá kó koríko fún wọn, híhun di wàhálà. Wọn kò lè ṣe bí àwọn ẹgbẹ́ wọn tó ti ń da koríko rú láti kékeré. Kò sí ohun tó ṣe apá wọn. Kò sí ohun tó ṣe ẹnu wọn. Wọn kò tíì ṣìṣe rí ni.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ìyá kan láti ìhín: "Ẹ̀yin bàbá yìí, ṣé ẹ ò gbọ́ nípa gbọ́mọgbọ́mọ ni?" Mo gbọ́, ìyá. Ẹ̀rù yín tọ́. Ọ̀kadà tó ń sáré lójú ọ̀nà wà, gọ́tà tí kò ní ìdérí wà, ẹ̀fọn kò sì lọ ibì kan. Òwe tí mo fi bẹ̀rẹ̀ kò kúkú purọ́: ewé tó ń pani ń bẹ. N kò ní kí ẹ ṣí géètì fún ọmọ kí ẹ padà lọ sùn. Kí ẹ tẹ̀lé e ni mo ní. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé ìyá tí kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ dé ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn ilé nítorí ejò, òun náà ló gbé fóònù tó ń ṣí gbogbo ayé sílẹ̀ lé ọmọ náà lọ́wọ́ láti àárọ̀ di alẹ́, tó sì lọ sùn. Ọmọ tí wọ́n ti fi hàn pé paramọ́lẹ̀ máa ń dákẹ́ sínú ewé gbígbẹ mọ ibi tí kò yẹ kí òun ki ẹsẹ̀ bọ̀. Ọmọ tí wọn kò fi nǹkan kan hàn, ọjọ́ tó bá jàjà bọ́ síta, ibẹ̀ gan-an ni yóò gbà.

Bí ẹ bá sì ní ẹ kò fẹ́ ti kòkòrò àti ewé, ẹ gba ti ojú rò. Ní Guangzhou ní ilẹ̀ Ṣáínà, láti 2010, wọ́n mú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 12. Ní mẹ́fà nínú wọn, wọ́n fi ogójì ìṣẹ́jú kún àkókò tí àwọn ọmọ kíláàsì kìn-ín-ní ń lò níta lójúmọ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, àwọn tí ojú wọn kò rí ọ̀ọ́kán mọ́ níbẹ̀ tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Níbi tí wọn kò ti fi nǹkan kan kún un, ó súnmọ́ 40. Ogójì ìṣẹ́jú péré, láìra oògùn, láìra awò. Ní Flensburg ní Jámánì, láti 1993 ni ìjọba ti fọwọ́ sí iléèwé jẹ́léósinmi kan tí kò ní ògiri: inú igbó ni àwọn ọmọ ń lọ, òjò ni, yìnyín ni. Ó dá mi lójú pé ẹnì kan á gbé irú rẹ̀ dé Èkó láìpẹ́. Á fi dọ́là gba owó iléèwé, á sì fi ẹ̀rọ amúlétutù sínú igbó náà.

Àwọn kan ń bẹ tí wọ́n ti ṣe irú ìwádìí tí mò ń sọ yìí pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀. Àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Cuba àti Brazil bá igbó mìíràn pàdé lọ́hùn-ún. Ewé kan wà tí wọ́n mọ̀. Ọ̀pọ̀ wà tí wọn kò mọ̀. Wọ́n wò wọ́n, wọ́n gbóòórùn wọn, wọ́n fi èyí wé èyí tí wọ́n ń lò nílé, ibi tí ti ilé kò sí, wọ́n fi ti ibẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí ọmọ inú òwe ṣe ṣe gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ní Bahia títí dòní, wọ́n á ní kò sí ewé, kò sí òrìṣà. Nígbà tí Lydia Cabrera tẹ El Monte jáde ní Havana ní 1954, orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n ń fi wọ́n ṣe ló gba apá tó pọ̀ nínú ìwé náà, láti ẹnu àwọn arúgbó tí baba ńlá wọn ti Áfíríkà lọ. Kí wọ́n tó já ewé, wọ́n á kí i, wọ́n á tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìran tí wọ́n gba ohun gbogbo lọ́wọ́ rẹ̀ rí àyè kí ewé. Àwa tí a wà nílé, tí ewé ń hù láàárín interlock wa láìtọrọ àyè, agolo oògùn apakoríko la fi ń kí i.

Ìyá àgbà kan ti ìlú wá láti wá wẹ ọmọ tuntun ọmọ rẹ̀ nínú irú ilé oní-interlock bẹ́ẹ̀. Mo sọ ọ́ bí ìtàn, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ọ̀pọ̀ irú rẹ̀. Ọjọ́ kẹta, ó di ẹ̀gbọ́n ọmọ tuntun mú lọ́wọ́, wọ́n gba ẹ̀yìn géètì lọ sí ilẹ̀ tí ẹnì kan rà tí kò tíì kọ́. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé, ọmọ náà gbé ebòlò dání, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ṣeé wò, ó sì ní nǹkan kan nínú agolo mílíìkì tí ó fi ọwọ́ bo ojú rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo lẹ mú un lọ? Kí ló wà nínú agolo yẹn?"

"Ìyàwó mi, kúlúsọ ni. Kò ní pa á. Ọkọ mi, fi han ìyá ẹ bó ṣe ń fẹ̀yìn rìn."

Mọ́mì kò fẹ́ wò. Ó ní kí wọ́n gbé e jáde, kí wọ́n fọwọ́, kí wọ́n tún un fọ̀. Ìyá àgbà kò bá a jiyàn. Ó ki ebòlò bọ omi. Ọmọ gbé agolo rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, lẹ́tà dé láti iléèwé. Àǹtí kọ ọ́ pé wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀yà ara kòkòrò nínú ìwé, ọmọ yín náwọ́ sókè níwájú gbogbo kíláàsì, ó béèrè pé ibo ni kúlúsọ ń yàgbẹ́ sí. Nígbà tí wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun mọ èsì rẹ̀, òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá Àǹtí mọ̀ ọ́n ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá a wí. Dádì ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó pe ọmọ jókòó, ó múra láti bá a wí, ọmọ sì fi agolo lé e lọ́wọ́. Wọ́n pẹ́ lórí ìjókòó yẹn. Iná lọ, iná dé, Dádì kò tan jẹnẹrétọ̀; fóònù rẹ̀ ni wọ́n fi ń tanná sínú agolo.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó pe bíríkìlà. Ó ní kó wá hú ìlà interlock méjì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, lábẹ́ òrùlé, kó kó iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ síbẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé páìpù ló bẹ́ ni?"

"Rárá. Kúlúsọ ni mo fẹ́ kó máa gbé ibẹ̀."

Bíríkìlà wò ó, ó wo ilé náà, ó tún wò ó. Ó ní iye tí òun máa ń gbà fún páìpù kọ́ nìyẹn o, iṣẹ́ yìí ní owó tirẹ̀ lọ́tọ̀.